Omi Tó Pọ̀ Jù Nínú Ọkọ̀ Fàájì

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí iye kan ti ń yọ mí lẹ́nu: 15,000. Gálọ́ọ̀nù omi ni. Inú ìtàn ọkọ̀ ìgbòkun kan tí wọ́n ń pè ní Wanderer ni mo ti pàdé rẹ̀, ọkọ̀ fàájì olówó tí wọ́n kàn ní ọdún 1857 ní Setauket, ní Long Island, ìpínlẹ̀ New York. Mo ti ka ìtàn náà kọjá ibẹ̀, mo ti dé ibi ikú, mo ti dé ibi ẹjọ́, kí n tó mọ̀ pé ọkàn mi ò tíì kúrò nídìí àgbá omi. Ta ló fẹ́ mu ún?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá Ayétòrò ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti pẹja títí eegun ẹ̀yìn fi kọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá jọ dúró létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ọkọ̀ kan ń gbéra, wọ́n á ní kí n má wo ẹ́ńjìnnì, kí n má wo àwọ̀n. "Ka kẹ́ẹ̀gì." Kẹ́ẹ̀gì omi kan, wọ́n ń bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mẹ́ta, wọ́n á sùn sórí omi. Tí kẹ́ẹ̀gì bá wá pọ̀ ju ohun tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lè mu, Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín ìdákẹ́jẹ́, wọ́n á ní, "Àwọn yẹn ò lọ pẹja." Ẹnu atukọ̀ lè purọ́, wọ́n máa ń sọ, ṣùgbọ́n omi tó gbé dání ò mọ irọ́ ọ́ pa.

Ni mo bá mú bírò, mo ṣe ìṣirò 15,000 yẹn lẹ́yìn rìsíìtì kan tó wà lórí tábìlì. Ó tó nǹkan bí 56,780 lítà. Tí a bá fi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí gbogbo wa mọ̀ wọ̀n ọ́n, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 2,270. Ká ní èèyàn 12 ló wà nínú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì bí 189 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe omi mímu mọ́, omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì ni. Mo wá pín omi kan náà fún èèyàn 500, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kíá, ìṣirò bọ́ sípò: lítà méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀ fún ẹnì kan lóòjọ́. Ìwọ̀n tí èèyàn lè mu tí kò fi ní kú nìyẹn.

Mo gbé bírò sílẹ̀.

## Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Olópò méjì ni, ó lé díẹ̀ ní 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, iwájú rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ìgbòkun rẹ̀ fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà náà, ọkọ̀ ìgbòkun ni ìgbéraga àwọn olówó New York. Ọdún 1851 ni ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ America ti lọ fàgbà han àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje lórí omi tiwọn. Kò sí ọlọ́rọ̀ tí kò wù kó ní èyí tó yára ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. John Johnson ló ni Wanderer, ọmọ ẹgbẹ́ New York Yacht Club tó ní oko ìrèké ní Louisiana. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ro oko ìrèké ní Louisiana lọ́dún 1857 ti mọ̀ pé owó tí wọ́n fi kan ọkọ̀ yìí ò mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú rẹ̀ dà bíi pálọ̀: kápẹ́ẹ̀tì, dígí ńláńlá, àpótí ìwé, àga onígi iyebíye. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni ń ki ìyàwó tuntun. Kò ju ọdún kan lọ tí Johnson fi tà á fún William Corrie, ará Charleston, ní South Carolina. Corrie wọ ẹgbẹ́ New York Yacht Club, ó sì ń ta àsíá wọn sórí òpó. Ẹni tó wà lẹ́yìn Corrie ló ni ọ̀rọ̀ gan-an: Charles Lamar, oníṣòwò Savannah, ní Georgia, tó ti pẹ́ tó ti ń pariwo pé kí wọ́n dá òwò ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka òwò náà léèwọ̀. Láti 1820 sì ni wọ́n ti kà á mọ́ olè jíjà ojú òkun, tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

## Ẹni tó ka kẹ́ẹ̀gì

Ní nǹkan bí àárín ọdún 1858, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Port Jefferson, ní Long Island kan náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe fún ìrìn-àjò afẹ́. Ibẹ̀ ni àgbá omi ti wọlé. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Norton. Ó wo omi, ó wo oúnjẹ tí wọ́n ń kó wọlé, nǹkan náà ò yé e. Ó ránṣẹ́ sí New York. Ọkọ̀ ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harriet Lane lọ mú Wanderer, ó kó o wá sí New York fún àyẹ̀wò.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ bínú. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò wọlé, wọ́n bá dígí àti kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá ọkùnrin ọmọlúwàbí kan tó ń bu ọtí fún wọn. Omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin wo ló ní kí èèyàn má gbé omi? Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ogunlọ́gọ̀ ò sí níbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ní oṣù keje, ó gbéra ní Charleston, ó gba Trinidad, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti wà lẹ́nu odò Kóńgò.

Mo mọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí, ta ní í bi í léèrè ìwé ìpè lẹ́nu ọ̀nà? Alágbàṣe tó wá gbé àga ni wọ́n ń tú àpò rẹ̀.

## Alẹ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín

Ohun tó ń gbé mi lóru ni èyí.

Lẹ́nu odò Kóńgò, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Medusa, tó ń ṣọ́ etíkun nítorí àwọn oníṣòwò ẹrú. Àwọn ọ̀gá inú Medusa rí Wanderer pẹ̀lú àsíá ẹgbẹ́ olówó tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, inú wọn dùn. Ẹni tó bá ti ń wo omi àti igbó fún oṣù mélòó kan, tó wá rí ọmọlúwàbí tó ní ọtí dáadáa, á yọ̀. Wọ́n ṣe àlejò ara wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sọ ìtàn eré ọkọ̀. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ sọ pé alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Farnham tó jẹ́ alábòójútó ẹrù inú ọkọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé àwọn àlejò ò fẹ́ yẹ ọkọ̀ náà wò, bóyá ọkọ̀ ẹrú ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó lẹ́wà báyìí?

Àgbá omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti gbìyànjú láti gbèjà wọn. Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà kì í gbà kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọkọ̀ tó bá ta àsíá rẹ̀ wò, ọdún 1858 yẹn gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ọdún 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni ìlú méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ ara wọn wò. Nítorí náà, bí àwọn ará Medusa tilẹ̀ fura, ọwọ́ wọn ò tó o. Mo gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ ní kí o wá wo inú ilé òun, òfin wo ló tún dá ọ dúró? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa á dé. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni í rántí òwe níbi tí ọtí bá ti ń ṣàn?

Ẹnì kan tí kò jọ mọ́ ìtàn yìí ni mo ń rántí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn sínú ọkọ̀ Potogí kan ní Èkó. Ọkọ̀ náà ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, fi ká a mọ́ ojú òkun, tí àwọn ọmọ ogun sì wọ inú rẹ̀. Ọmọ yẹn ni Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka Bíbélì ní èdè wa mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Iṣẹ́ kan náà ni Myrmidon àti Medusa ń ṣe, ìjọba kan náà ló rán wọn, etíkun kan náà ni. Ọkọ̀ òyìnbó Potogí onípàǹtí ni ọ̀kan rí, ó wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ fàájì ni èkejì rí, ó jókòó tì í, ó gba ife ọtí. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe. Mo kàn ń gbé e kiri.

## Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi pákó tẹ́ àjà kejì sí ìsàlẹ̀, wọ́n kó èèyàn bí 487 wọ Wanderer. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò wọ́n. A mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìwé kì í tẹnu mọ́ ni pé eré tí gbogbo èèyàn fi ń yin ọkọ̀ náà, òun ni wọ́n fi sá. Gbogbo ohun tí akàn-ọkọ̀ Setauket fi ṣe ẹwà, iwájú tó mú, ìgbòkun tó fẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n lé òun bá. Ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹwà náà ni wọ́n há àwọn èèyàn mọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1858, ó gúnlẹ̀ ní erékùṣù Jekyll, ní Georgia. Èèyàn 409 ló sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ẹ yọ 409 kúrò nínú 487.

Kíá ni wọ́n ti pín wọn ká. Wọ́n kó bí 170 gba odò Savannah lọ sókè, sí apá South Carolina. Àwọn yòókù lọ sí ibi tí olówó bá ti ra wọ́n. Ìròyìn ò ṣeé bò mọ́, torí pé àwọn ará ìlú ń rí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, tí wọ́n fá àpẹẹrẹ sórí eyín wọn bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn.

## Kóòtù Savannah

Ẹjọ́ náà ò gba àkókò mi. Wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ, James Wayne, tó wá jókòó ní Savannah. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú Lamar ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́, wọn ò sì rí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjọba ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo, Lamar fúnra rẹ̀ ló rà á padà ní nǹkan bí 4,000 dọ́là, ẹni kan ṣoṣo tó gbójú láti bá a du ú, ó lù ú bolẹ̀ níbẹ̀. Ìyà tó jẹ gan-an jẹ́ nítorí pé ó lọ fipá yọ Farnham kúrò lẹ́wọ̀n: 250 dọ́là owó ìtanràn àti 30 ọjọ́ àtìmọ́lé. Ní ti New York Yacht Club, wọ́n yọ Corrie lẹ́gbẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1859, wọ́n sì pa orúkọ Wanderer rẹ́ nínú ìwé wọn. Wọ́n gba àsíá wọn padà.

Ìrìn kan tó tún rìn lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1859, ọ̀gá ọkọ̀ kan jí i gbé ní Savannah, ó fẹ́ tún lọ kó ẹrú ní Áfíríkà, ó sì fi agídí mú àwọn atukọ̀ tí kò mọ̀ dání. Nígbà tí oúnjẹ ń tán lójú òkun, wọ́n rí ọkọ̀ Faransé kan. Ọ̀gá náà wọ ọkọ̀ kékeré, ó lọ bẹ̀ wọ́n fún oúnjẹ. Igbákejì rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ inú ọkọ̀ Faransé náà, ó yí ìgbòkun padà, ó sì fi í síbẹ̀. Ó gbé Wanderer wọ Boston ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ó sì fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, èmi nìkan, nínú yàrá mi. Irú ẹ̀rín yẹn ni mo ti ń wá láti ẹnu odò Kóńgò.

Nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ gba Wanderer, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun, ó wá ń lé àwọn ọkọ̀ tó ń bá ìhà gúúsù ṣòwò. Ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrú di ọkọ̀ tó ń jà fún ẹgbẹ́ tó dá ẹrú sílẹ̀. Lamar kú lójú ogun ní Columbus, Georgia, ní oṣù kẹrin ọdún 1865, nígbà tí ogun náà ti ń tán lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù ú lọ. Ó di ọkọ̀ tó ń kó èso, ó sì fọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1871 ní Cabo Maisí, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Kúbà.

## Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀

Ọkọ̀ ti tán, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò tán. Ní ọdún 1908, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Montgomery tẹ ìwé jáde nípa àwọn tó bá láàyè ní South Carolina àti Georgia, ó kọ orúkọ ilé wọn àti ọ̀rọ̀ èdè Kóńgò tí wọ́n ṣì rántí sílẹ̀, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ọ̀kan nínú wọn, Tahro, tí wọ́n sọ di Romeo, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé bíi ti ìlú rẹ̀ ní Edgefield, ní South Carolina. Ní agbègbè Edgefield yẹn náà ni àwọn amọ̀kòkò dúdú ti ń mọ ìkòkò tó ní ojú èèyàn, tí wọ́n fi amọ̀ funfun ṣe ẹyinjú àti eyín sí i. Ẹni tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ rí kì í gbàgbé.

Cilucängy ni mo wá dúró tì. Ward Lee ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní ọdún 1904, tó ti di àgbàlagbà, ó tẹ ìwé kan fún gbogbo ayé, ó ń bẹ àwọn èèyàn, dúdú àti funfun, kí wọ́n dá owó fún òun kí òun lè padà sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó ti bí ọmọ síbẹ̀. Ilé ló ṣì fẹ́ lọ. Ó kú sí South Carolina.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú ìtàn Kóńgò yìí dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn tí Wanderer gúnlẹ̀ tí wọn ò sì fi ikú jẹ ẹnikẹ́ni níyà, ni ọkọ̀ Clotilda gbé èèyàn bí 110 láti Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, wọ Mobile, ní Alabama. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni ìyẹn, kò lẹ́wà rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tó kó jẹ́ Yorùbá tí ogun Dahomey kó lẹ́rú, Kossola wà lára wọn, ará agbègbè Bantè, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis. Wọ́n sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí, ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a mọ̀ lábẹ́ odò Mobile. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn náà fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò tó, wọ́n fi owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ Africatown dó. Kossola kú ní 1935. Mo mọ àwọn tí bàbá wọn àgbà ti dàgbà tó láti rìn ní ọdún yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe Bàbá Ayétòrò lórí fóònù. Òkun ti gba ilé wọn àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Igbókòdá ni wọ́n wà báyìí. Mo sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti àgbá omi, ti oúnjẹ alẹ́, ti Boston. Wọn ò dá mi lẹ́nu kọ́ rárá. Nígbà tí mo parí, mo rò pé wọ́n máa bi mí léèrè àwọn tó kú.

"Ẹni tó ka omi yẹn," wọ́n ní, "kí lorúkọ ẹ̀?"

"Norton ni, sà."

"Nọ́tìn." Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá epo ti tún gbówó lórí l'Ékòó.